Ta Ló Ni Ìdájọ́ Tí Kóòtù Ti Kà Tán?

Lẹ́tà gbangba sí Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, Kudirat Kekere-Ekun, sí NJC, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àwọn adájọ́, tó jẹ́ alága fún, àti sí àwọn adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá

Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London dá ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, ló gbé ìjọba lọ síbẹ̀. Herbert Macaulay ló bá a wọ ọkọ̀ òkun. Olúwa jàre. Viscount Haldane kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ tí olóyè náà dúró fún, àti pé bí ìjọba bá gbà á, owó onílẹ̀ gidi ló gbọ́dọ̀ san. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù àti dátà lè ka ìdájọ́ yẹn látòkè délẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí BAILII, ojúlé kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú Ọba láti ọdún 2000. Kí ẹni yìí kan náà wá ìdájọ́ ilẹ̀ tí kóòtù Ìkẹjà tàbí ti Ìbàdàn dá lóṣù tó kọjá, ojú rẹ̀ á rí tó.

Á kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà ẹjọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó di kó máa bẹ ẹni tó mọ akọ̀wé kóòtù. Á kọ ìwé ìbéèrè, á san owó ní báńkì, á padà wá, wọ́n á ní fáìlì ṣì wà lọ́dọ̀ akọ̀wé adájọ́. Ọ̀pọ̀ adájọ́ wa ló ṣì ń fi ọwọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, nítorí náà ìtẹ̀wé a máa pẹ́, ìyẹn sì yé èèyàn. Ohun tí kò yé èèyàn ni owó kejì, èyí tí kò ní rìsíìtì, tó máa ń mú kí fáìlì tó sọnù di rírí ní wàràwàrà. Ẹni tí kì í ṣe olùpẹjọ́ tàbí olùjẹ́jọ́ ni wọ́n á sì bi ní ìbéèrè tó ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé: kí ló kàn ọ́ nínú ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́?

Òfin ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́. Abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 ní ojútáyé ni kí kóòtù máa jókòó, ibẹ̀ náà ni kó sì ti máa ka ìdájọ́. Abala 294 ní ìdájọ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kó jáde láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn agbẹjọ́rò, kí àwọn tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ sì rí ẹ̀dà gbà láàárín ọjọ́ 7. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ adájọ́ mọ́ ìwé gbogbogbò. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìròyìn, tí Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lù lọ́dún 2011 kan náà, fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àìsí òfin kọ́ ló ń dá wa dúró.

Abala 294 ní àlàfo kan, lóòótọ́. Àwọn tó wà nínú ẹjọ́ nìkan ló rántí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú irú ètò òfin tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jẹ́ òfin fún ẹni tí kò dé kóòtù rí. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tó parí sí London ní ọdún 1962, dá lórí bí wọ́n ṣe máa pín ogún ọkùnrin Yorùbá kan tó kú láìṣe ìwé ìpíngún. Ṣé ìdí-igi ni, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Kóòtù ní ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí níbi tí ìjà bá wà. Kò sí ìpàdé ogún kan ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ti í jáde, ọ̀pọ̀ tó sì ń fi wọ́n jiyàn kò tíì fojú kan ohun tí adájọ́ kọ. Bákan náà ni ẹjọ́ Ukeje, tó gbéra láti Èkó, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ ní ọdún 2014 pé àṣà Igbo tó ń fi ogún bàbá du ọmọbìnrin lòdì sí ìwé òfin. Obìnrin tí wọ́n bá lé kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀ láàárọ̀ yìí nílò ìwé yẹn lọ́wọ́. “Wọ́n ní kóòtù ti sọ̀rọ̀” kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àbúrò bàbá rẹ̀.

Oníṣòwò ló ń bá ìjọba ṣe iṣẹ́ títẹ ìdájọ́ jáde. Láti ọdún 1985 tí agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkójọ ìdájọ́ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ jáde ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń fi í jẹun, iléeṣẹ́ LawPavilion sì gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú wọn. Bí kò bá sí ti Gani, ọ̀pọ̀ ìdájọ́ ni ikán ì bá ti jẹ. Àmọ́ ta ló lówó ìwé wọ̀nyẹn? Ará ìlú tó san owó oṣù adájọ́ àti ti ẹni tó tẹ ìdájọ́ náà ló tún ń ra omi kànga ara rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà. Ìdájọ́ kóòtù gíga ìpínlẹ̀, níbi tí ẹjọ́ mẹ̀kúnnù pọ̀ sí jù, ni kì í sábà wọ inú àkójọ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí kóòtù bá ti dákẹ́, àhesọ ni yóò gba ibẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ààrẹ ka ìdájọ́ rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun iyì ni. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀dà ìdájọ́ ọ̀hún, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 ojú ìwé, ń kiri orí fóònù pẹ̀lú orúkọ ikọ̀ agbẹjọ́rò Tinubu lórí ojú ìwé. Ariwo sọ: wọ́n ní ẹni tó jàre ló bá adájọ́ kọ ìdájọ́. Ikọ̀ náà ṣàlàyé pé àwọn gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ ni, àwọn sì fi àmì ara àwọn sí i kí àwọn tó pín in láàárín ara àwọn. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ̀dà ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́ fi ṣáájú ti kóòtù fúnra rẹ̀ dé ọwọ́ aráyé?

Ti Kano burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Abba Kabir Yusuf kì í ṣe gómìnà mọ́. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ jáde, ìpínrọ̀ kan níparí rẹ̀ sì sọ òdì kejì, pé gómìnà ló jàre. Ìlú gbóná. Kóòtù ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ipò náà padà fún un ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, fọ́tò ojú ìwé kan ṣoṣo ni èèyàn fi ń dá ẹjọ́ lórí WhatsApp. Ká ní kóòtù ti gbé gbogbo ìdájọ́ náà sórí ojúlé rẹ̀, tó sì fi ọjọ́ àti ìdí àtúnṣe sí i, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á ka gbogbo rẹ̀ kó tó jiyàn.

Ewu iná náà tún wà níbẹ̀. Nígbà rògbòdìyàn EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, kóòtù gíga Igbóṣeré l'Ékòó jóná tòun ti fáìlì. Kò sẹ́ni tó lè jó ìwé tó ti wà lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé.

Àwọn tí lẹ́tà yìí ń bá wí á ní kò sówó, kò síná. Ṣùgbọ́n Kóòtù Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tó ń lo iná Nàìjíríà yìí kan náà, ti ń gbé ìdájọ́ rẹ̀ sórí ojúlé tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà. Kóòtù ìwé òfin ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójúde wa níbí, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúlé Kenya Law ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Kenya. Àwọn kan á tún ní ọ̀rọ̀ ọmọdé, ti ìkọ̀sílẹ̀ àti ti ìfipábánilòpọ̀ kò yẹ kó hàn síta. Òótọ́ ni, òun ló sì fà á tí kóòtù ìlú mìíràn fi ń fi lẹ́tà méjì rọ́pò orúkọ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti ti ẹjọ́ ilẹ̀, ti oyè àti ti owó ìjọba mọ́lé pẹ̀lú wọn.

NJC kò nílò òfin tuntun láti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn adájọ́ ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n fi ń sọ iye ẹjọ́ tí wọ́n gbọ́ àti iye tí wọ́n dá. Kí ìgbìmọ̀ náà fi òpó kan kún fọ́ọ̀mù yẹn: ọjọ́ wo ni ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí ojúlé kóòtù, bí kò bá sì tíì bọ́ síbẹ̀, kí ló fà á?