Ìwé ni àbí íntánẹ́ẹ̀tì? Ohun tí yóò mú àgbàlagbà dìde lórí ìjókòó

Àwọn onímọ̀ ìlera kò jiyàn mọ́ pé ìjókòó pípẹ́ ń pa àgbàlagbà lára. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) fi ìlànà tuntun lélẹ̀: ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú ara gbóná, bí ìrìn kíákíá. Kí ẹni tó ti pé ọdún 65 sì máa fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ṣe ìdárayá tí ń fún iṣan lágbára, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn máa ṣubú. Ìmọ̀ràn náà kò ṣòro láti sọ. Ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀ ni ìṣòro.

Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbà. Bí a bá ti ṣe é tán, fífi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju fífi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan lọ. Ìwé ní tirẹ̀ ń gba owó ìtẹ̀wé àti owó ìfiránṣẹ́. Ẹni tó bá wo owó nìkan yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Họ́láǹdì fi hàn pé kò tíì parí. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn olùwádìí Open Universiteit dán ètò Actief Plus wò láàárín àwọn tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn tó kópa lé ní 2,000. Wọ́n bi olúkúlùkù léèrè bí ó ti ń lo ara rẹ̀ sí, kọ̀ǹpútà sì ṣa ìmọ̀ràn tó bá ìdáhùn rẹ̀ mu jọ. Ìgbà mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin ni wọ́n rí ìmọ̀ràn gbà. Àwọn kan gbà á nínú àpòòwé, àwọn mìíràn kà á lójú kọ̀ǹpútà. A sì ní kí àwọn kan dúró ná, kí a lè fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n.

Lẹ́yìn ọdún kan, ara àwọn tó gba ìwé ni àǹfààní náà ti hàn jù. Àwọn tí a pè sí ti íntánẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ ìpè tó àwọn ti ìwé, àwọn tó sì já a jù sílẹ̀ láàárín wọn pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni Họ́láǹdì wà lára àwọn ilẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé jù lágbàáyé. Kò ṣòro láti fòye gbé ohun tó lè fà á. Ìwé tó wà lórí tábìlì a máa rán onílé létí láìjẹ́ pé ó wá a lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pa ẹ̀rọ, ìmọ̀ràn inú rẹ̀ ti kúrò lójú nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a kàn dà á kọ. Àwọn ará Họ́láǹdì tó gba ìwé mọ̀ ọ́n kà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ni kò jókòó ní kíláàsì rí. Ìlẹ̀kùn títì ni ìwé Faransé àti ojú ẹ̀rọ jẹ́ fún wọn. Àgbẹ̀ tó ṣì ń ro oko kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìrìn. Ìyá tó fi oko sílẹ̀ wá bá ọmọ gbé ní Kútọnu, tó ń jókòó ti tẹlifísọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru lára, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ kò jìnnà: ewé ìwé kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí àwòrán wà nínú rẹ̀, tí a kà sókè fún un ní ilé ìwòsàn tàbí ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, kí ó tó gbé e lọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Rédíò àdúgbò lè máa rán an létí. Ọmọ-ọmọ lè fi ẹ̀rọ alágbèéká ṣí ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè dá ọjọ́ ìrìn, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń ná owó ìlera má kan ka iye ẹ̀rọ tí ìmọ̀ràn dé. Iye àgbàlagbà tó ṣì ń rìn lẹ́yìn ọdún kan ni kí ó kà. Ètò tó wọ́n díẹ̀ tó mú ènìyàn dìde sàn ju èyí tó pọ́ọ́kú tí kò mú ẹnikẹ́ni kúrò lórí àga.