Kì Í Ṣe Yorùbá Ló Ń Da Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Rú

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, Túnjí Àlàùsá, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàyé tó ṣe ni pé àwọn agbègbè tó di èdè abínibí mú ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Orin náà kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí àwọn òbí àti olùkọ́ kan ti ń kọ ọ́ pé Yorùbá ni kò jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba kàn wá bá wọn gbè é ni.

Ẹ̀rí tí àwọn tó ń fẹ̀sùn kan Yorùbá sábà máa ń nawọ́ sí ni àròkọ àwọn ọmọ. Ọmọ á kọ ọ́ pé: "Yesterday my mother woke up early and goes to the market. She buy yam and returned home." Gbólóhùn méjì péré ni, ṣùgbọ́n ìyá náà ti jí lánàá, ó ń lọ sọ́jà lónìí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ra iṣu, ó sì ti padà sílé lánàá kan náà. Olùkọ́ á fi báírò pupa fa ìlà sí i, á kọ "tense" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ṣí ìwé ọmọ mìíràn. Ìdánwò WAEC náà kì í fojú fò ó. Nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ, 10 jẹ́ ti kí gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé péye, ìdajì máàkì ni wọ́n sì ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó da àsìkò pọ̀ ní ìgbà ogún ti jẹ gbogbo mẹ́wàá náà tán.

Àdánù náà kò sì mọ sínú ìdánwò. Ẹni tó kọ gbólóhùn sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé "I see the man when he enters the shop" kò tíì sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló rí ọkùnrin náà tàbí ó máa ń rí i nígbà gbogbo. Agbẹjọ́rò tó bá gbọ́n á di ibẹ̀ mú nílé ẹjọ́. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tó kọ "I work there for three years" ti mú kí ọ̀gá tó ń ka lẹ́tà náà máa rò ó bóyá ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ó ti kúrò. Nítorí náà, àwọn tó ń ké pé ọ̀rọ̀ náà burú kò parọ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹlẹ́bi ni wọ́n ti ṣìnà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tó bá fẹ́ kí ó yé òun. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ara dà nítorí àsìkò. "Lọ" ni "lọ" lánàá, "lọ" náà ni lọ́la. Wúnrẹ̀n mìíràn ló ń gbé àkókò fún un: "ń", "ti", "yóò", tàbí kí ọ̀rọ̀ bí "lánàá" ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀tàn bá ti sọ "lánàá" lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù ti mọ ilé wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò gba bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ àkókò tirẹ̀, ì báà jẹ́ ogún ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ tó wọ aṣọ fún àkọ́kọ́, tó fi ìyókù sílẹ̀ níhòòhò, kì í ṣe olórí kunkun. Òfin èdè kan ló ń tẹ̀ lé nínú èdè mìíràn.

Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ti rí èyí tipẹ́. Wọ́n pe àsìkò tí kì í ṣe ti ọjọ́ iwájú ní àsìkò afànámọ́nìí, nítorí pé ó fa àná mọ́ òní. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ girama ń kà. Ìyẹn ni pé ọmọ lè kọ́ nípa afànámọ́nìí ní aago mẹ́wàá nínú iṣẹ́ Yorùbá, kí ó jẹ ẹgba nítorí "tense" ní aago mọ́kànlá nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí olùkọ́ méjèèjì má sì sọ fún un láéláé pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn jọ ń sọ.

Bí wọ́n bá sọ ọ́ ni, ọ̀pọ̀ kókó ìbá tú. Wọn ìbá sọ fún un pé "mo jẹ ẹ́" ti kọjá ṣùgbọ́n "mo mọ̀ ọ́n" ṣì wà bẹ́ẹ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kò gbé àmì kankan. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń béèrè "ate" fún ọ̀kan àti "know" fún èkejì. Wọn ìbá sọ pé "ti" kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ "have" àti "had", nítorí náà ẹni tó ń kọ "mo ti jẹun kí ó tó dé" gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí ẹni náà dé kí ó tó mú ọ̀kan. Wọn ìbá sì sọ pé nígbà tí Yorùbá bá ní "ó ní òun ń bọ̀", ọ̀rọ̀ náà dúró bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì máa ń fà á sẹ́yìn di "he said he was coming". Dípò gbogbo èyí, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ń há sórí: má da àsìkò pọ̀. Òfin náà kò tilẹ̀ pé. Bí àkókò bá yí nínú ìtàn, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀; ẹni tó kọ "I live in Lagos but I grew up in Ìjẹ̀bú" kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí kò tọ́ ni kí ọ̀rọ̀-ìṣe yí nígbà tí àkókò kò yí.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú lé Yorùbá jáde kúrò nínú kíláàsì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Bí oògùn náà bá jẹ́, ó yẹ kí àṣìṣe yìí ti parẹ́ ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Kò parẹ́. Kódà, lẹ́tà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń fi ránṣẹ́ sí òbí pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ jèrè níbẹ̀ ni pé kò gbọ́ Yorùbá dénú mọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì gún.

Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Mínísítà wà nílẹ̀ láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àbájáde tí àwọn onímọ̀ náà gbé jáde fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní olùkọ́ gidi ló ṣe é, òun gan-an ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí: olùkọ́ ni ọmọ ń fẹ́, kì í ṣe ìfòfindè.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ rí, ẹ kò rí ìsàlẹ̀. Máàkì WAEC tí ìjọba ń wò, òkè ni. Ìsàlẹ̀ ni olùkọ́ tí wọn kò dá lẹ́kọ̀ọ́ láti fi èdè méjì wé ara wọn, kíláàsì tí ọmọ ti pọ̀ ju ohun tí olùkọ́ kan lè ka àròkọ wọn lọ, àti báírò pupa tí kì í ṣàlàyé. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní kí olùkọ́ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì máa jókòó pọ̀ ṣètò iṣẹ́. Kí wọ́n kọ́ ọmọ láti fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe nínú àròkọ rẹ̀ kí ó tó fi sílẹ̀, kí ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: ìgbà wo? Èdè tí ó gbọ́ jù lọ ni yóò fi dáhùn ìbéèrè náà. Bí ìjọba bá gba èdè yẹn lẹ́nu rẹ̀, kò ní sí ohun tí yóò fi dáhùn.