Ojú Tí Kì Í Sùn: Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń ra kámẹ́rà aṣọ́lé lóde òní fi sọ́kàn. Ohun tí a rà láti fi dí ihò ògiri lè di ihò mìíràn fúnra rẹ̀, bí a kò bá mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n àìmọ̀ nípa rẹ̀ léwu, àti pé àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ní iṣẹ́ láti ṣe lórí àìmọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìlobùú, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólú. Ìlú méjèèjì múlé ti ara wọn. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọ ń ná ọjà kan náà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 2025, ìjà náà le débi pé ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì kéde kónílé-ó-gbélé. Bí ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nípa ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé, tí ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹnu ọ̀nà ilé wọn láti orí fóònù, ta ni yóò bá a wí?

Ìjọba pàápàá ti ń tì wá sí ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn ya wọ ilé ìjọsìn Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, tí wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn, Gómìnà Rótìmí Akérédolú tí ó wà lórí oyè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìjọsìn, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìtajà àti àwọn ibi tí èrò ń pé sí ri kámẹ́rà mọ́lẹ̀.

Báwo wá ni ẹni tí ó wà lókèèrè ṣe ń rí ilé? Àpótí kan wà nínú ilé tí ó ń gba àwòrán sílẹ̀ láti inú àwọn kámẹ́rà. Àpótí yìí lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọọ̀kì rárá, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà. Bí a bá fẹ́ wò ó láti òkèèrè ni a ń so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, síìmù fóònù alágbèéká ni a ń lò fún èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ayálégbé púpọ̀ ń lo ẹnu ọ̀nà kan. Ẹni tí ó wà níta kò lè kan ilẹ̀kùn yàrá ẹnikẹ́ni tààrà. Nítorí náà, àpótí náà fúnra rẹ̀ ni yóò jáde lọ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, fóònù ọmọ náà yóò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni wọn yóò ti pàdé. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni kẹta wà láàrin. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ náà: àwòrán tí ó ń lọ ní ìwọ̀n megabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ dátà tí ó tó megabyte 450 ní wákàtí kan.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ru àrokò kì í tú u wò. Kò dájú pé oníṣẹ́ òde òní ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọdún 2021, àwọn kan wọ inú ilé-iṣẹ́ Verkada ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí ọ̀nà wo nǹkan bí 150,000 kámẹ́rà àwọn oníbàárà rẹ̀, títí kan ti ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n pè ní Mirai ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán nǹkan bí 60 ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ wò. Àwọn kámẹ́rà àti àpótí tí olówó wọn kò yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé náà padà ni ó kó lẹ́rú. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún náà, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí lò fún wákàtí púpọ̀.

Ní ìlú tí ara rọ̀, irú ìjàǹbá yìí lè mọ sí ìtìjú. Ní ìlú tí ìjà ààlà wà, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá wọ inú àpótí náà yóò mọ ilé tí ó ṣófo, yóò mọ àkókò tí arúgbó ń dá wà, yóò sì mọ ẹni tí ó wá bẹ onílé wò láti ìlú kejì. Àwòrán ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí a gé láti inú rẹ̀, tí a sì tàn ká orí fóònù, lè sọ ẹni tí ó ń sá àsálà di ẹni tí ó wá jà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ni ó yẹ kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ bá, kì í ṣe ojúde WhatsApp. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí a buwọ́ lù ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, fi hàn pé àwòrán ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Àwọn kan lè sọ pé, kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ wáyà? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìlò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ọmọ tí ó wà lókèèrè lè kà á, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó rì í mọ́lẹ̀ lè kà á, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ojú kámẹ́rà wà lára rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lè má mọ̀ pé a ń wo òun. Ọ̀wọ̀ àgbà ha kọ́ ni kí a sọ fún un, kí a sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀? Àwọn aṣáájú wa ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ inú ilé wa ń bẹ̀ wá fún báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́-ọ̀la, mo dá a lábàá pé ní àkókò ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ni tí ó ń bọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá tí ó yè kooro fún àwọn òbí àdúgbò tí ó bá lọ. Kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé padà lọ́jọ́ tí a bá ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi tuntun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rì í. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó lè wo ilé náà láti orí fóònù. Kí ojú kámẹ́rà wà ní àgbàlá onílé, kí ó má wo inú ilé aládùúgbò. Bí a bá ṣe èyí ní Ìlobùú, kí a ṣe é ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun pẹ̀lú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.