Kí Bíríkìlà Tó Dé Àtẹ́rígbà: Ìwọ̀n Ẹnu Ọ̀nà àti Fèrèsé

Nínú gbogbo ohun tí onílé máa ń fi sílẹ̀ fún bíríkìlà láti pinnu, àlàfo tí a ń dá sára ògiri fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà lára èyí tí àbámọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ jù, nítorí pé ọ̀dà ṣeé pààrọ̀, táìsì ṣeé hú, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó bá kéré kò ṣeé fẹ̀ láìfọ́ búlọ́ọ̀kù. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ fún àlàfo ilẹ̀kùn yàrá ni ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìbú àti 7 ní gíga, èyí tí í ṣe mìlímítà 900 sí 2100. Ti fèrèsé yàrá sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4, ìyẹn mìlímítà 1200 sí 1200. Fèrèsé ilé ìwẹ̀ kì í sì í ju ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2 lọ, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ náà ṣe máa ń dín sí ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé iye tí a pè wọ̀nyí ni iye tí ènìyàn yóò gbà kọjá àti iye tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó wà lára ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Èkíní ni àlàfo inú ògiri. Èkejì ni ti inú férémù, ìyẹn igi tàbí irin tí a fi yí àlàfo náà ká tí a sì so ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù tí àwọn ènìyàn kì í sì í wọ̀n, ni àyè tí ó ṣófo gan-an nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí àlàfo bá jẹ́ ínṣì 36, tí igi férémù sì nípọn tó ínṣì 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 32 ni ó kù. Bí ilẹ̀kùn tí ó nípọn tó ínṣì 1 àti ààbọ̀ bá sì ṣí, tí ó dúró gbọnin ní ẹ̀gbẹ́ kan, àyè tí ẹrù yóò gbà kọjá kò ju nǹkan bí ínṣì 30 àti ààbọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń gbé fíríìjì ńlá wọlé fi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, yẹ̀ ẹ́ sí òsì, tí wọn yóò sì tú ilẹ̀kùn kúrò lára férémù nígbẹ̀yìn, kí fíríìjì náà tó wọlé pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ méjì mẹ́ta lára.

Fíríìjì ṣeé yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlera kò ṣeé yẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí ó jáde láti inú òfin ọdún 1990 tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara béèrè pé kí àyè tí ó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ má dín ní ínṣì 32, ojú ilẹ̀kùn tí ó ti ṣí ni a sì ti ń wọ̀n ọ́, a kì í wọ̀n ọ́ láti ògiri dé ògiri. Bí a bá fi ìṣirò kan náà wo ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ínṣì 30, nǹkan bí 24 àti ààbọ̀ ni ó kù, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí àgbàlagbà ń jókòó sí sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí ọmọ kọ́ kí ìyá rẹ̀ lè wá lo ọjọ́ ogbó níbẹ̀ wá di ilé tí ìyá náà kò lè dá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ínṣì 6 péré tí a fi kún ìbú àlàfo náà ìbá ti yanjú ọ̀ràn yìí, nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ohun kan tún wà tí kì í náni ní kọ́bọ̀: kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ṣí síta dípò kí ó máa ṣí sínú, nítorí pé bí ẹnìkan bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ń ṣí sínú, ara rẹ̀ gan-an ni yóò dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ó fẹ́ gbà á.

Ti gíga tún yàtọ̀. Bíríkìlà a máa ka ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 9, láti orí kọnkéré ilẹ̀ dé ibi àtẹ́rígbà, èyí tí í ṣe ọ̀pá kọnkéré onírin tí ó gbé ẹrù ògiri òkè àlàfo náà. Bí kò bá rántí pé sìmẹ́ńtì tí a óò fi tẹ́ ilẹ̀ àti táìsì tí yóò tẹ̀ lé e máa jẹ nǹkan bí ínṣì 2 sí 3, ilẹ̀kùn irin tí onílé rà ní ọjà tòun ti férémù rẹ̀ kò ní wọlé, kò sì ṣeé fi randa gé bí ilẹ̀kùn onígi. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n gbé òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú, kí wọ́n máa họ ikùn àtẹ́rígbà, níbi tí irin tí kò jẹ́ kí ó tẹ̀ wà gan-an, wọ́n a sì tú irin náà síta, yóò sì dípẹtà. Ó sàn kí a mọ ilẹ̀kùn tí a óò rà kí a tó to búlọ́ọ̀kù, ju kí a to búlọ́ọ̀kù tán kí a tó lọ sí ọjà.

Fèrèsé ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Ní agbo ilé àtijọ́, fèrèsé kéré, yàrá mìíràn kò tilẹ̀ ní ín, nítorí pé àgbàlá tí ó ṣí sójú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ti ń wá. Ilé òde òní ti pa àgbàlá rẹ́, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́rùn fèrèsé. Yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 fẹ̀ tó 144 lórí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Fèrèsé 4 sí 4 jẹ́ 16, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ilẹ̀ yàrá náà. Nígbà tí fèrèsé lúfà wà lóde, tí a bá ṣí abẹ́ gíláàsì rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo 16 náà ni atẹ́gùn ń gbà. Ṣùgbọ́n fèrèsé alumíníọ̀mù alápá méjì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó gbòde kan báyìí, kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí pé apá kan gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn èkejì. Àlàfo ògiri kò yí padà, iye tí a pè é kò yí padà, síbẹ̀ atẹ́gùn ti dín sí ìdá kan nínú méjìdínlógún, onílé a sì máa fi owó iná àti ẹ̀rọ amúlétutù dí i. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ti atẹ́gùn tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnu méjì ni ó ń wá, ọ̀kan láti wọlé, ọ̀kan láti jáde. Fèrèsé méjì níwọ̀n-níwọ̀n lára ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju gàgàrà kan lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjàǹbá iná. Ìwé ìlànà ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò sọ pé kí yàrá ìsùn ní ojú kan tí ènìyàn lè gbà sá jáde, tí àyè rẹ̀ kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5.7, tí ìbú rẹ̀ kò dín ní ínṣì 20, tí gíga rẹ̀ kò sì dín ní 24. Ìdajì fèrèsé 4 sí 4 wa jẹ́ 8, ó sì ti tó. Irin adènà olè tí wọ́n jó pa mọ́ ara ògiri ni ó sọ 8 yẹn di òdo.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí kò tíì pẹ́ jù. A lè yọ fèrèsé tí a ń fà, kí a sì fi èyí tí ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn rọ́pò rẹ̀ nínú àlàfo kan náà, bí irin bá wà nínú ilé tí kò sí níta. A lè yí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ padà kí ó máa ṣí síta. Ajórinmọ́rin sì lè gé irin fèrèsé kan nínú yàrá ìsùn kọ̀ọ̀kan, kí ó dè é bí ilẹ̀kùn kékeré, kí ó fi àgádágodo sí i láti inú, kí a sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìṣó kan tí ọmọdé inú ilé mọ̀, tí ọwọ́ ẹni tí ó wà níta kò sì lè tó.