Kí Ọwọ́ Wa Má Dúró De Ọjọ́ Ìwẹ̀ Òkú

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, bí Músùlùmí kan bá jáde láyé ní àdúgbò wa, kì í pẹ́ tí ọwọ́ fi ń pé. Àwọn tí yóò wẹ̀ ẹ́ á dé, àwọn tí yóò gbẹ́ sàréè á dé. Iṣẹ́ rere ni. Ohun tó ń ká wa lára ni àwọn oṣù tó ṣáájú, nígbà tí dókítà ti sọ pé àìsàn náà kò ní ìwòsàn mọ́, tí wọ́n sì ti gbé ẹni náà wálé. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni ọ̀pọ̀ wa ń dúró sí. A ó ṣe àdúà, a ó fi owó sílẹ̀, a ó máa lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án àfi ìyàwó tàbí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ó yẹ kí ìfọwọ́ra wọ inú àbẹ̀wò aláìsàn. Kì í ṣe àṣà àjèjì. Aisha gbà á wá nínú hadith pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra ara aláìsàn nígbà tó bá ń tọrọ ìwòsàn fún un. Ẹ má sì bẹ̀rù: jẹjẹrẹ kì í ràn nípa ìfọwọ́kàn.

Àwa apòògùn kò ní bù mọ́ ọn. Ní ọdún 2016, àjọ Cochrane gbé ìwádìí 19 yẹ̀wò lórí wíwọ́ ara fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Ẹ̀rí tí wọ́n rí kò lágbára. Nítorí náà, ìfọwọ́ra kò rọ́pò oògùn ìrora. Bí dókítà bá kọ mọ́fíìnì, kí aláìsàn lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ nílò ọwọ́ tí yóò fi hàn án pé a kò tíì kà á mọ́ òkú.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ gé èékánná, ẹ bọ́ òrùka. Ẹ tọrọ àyè. Bó bá kọ̀, ó tán. Ẹ fi òróró àgbọn tàbí òrí díẹ̀ ra ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ tuntun lára. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má sì lo róòbù. Kí ọkùnrin ṣe é fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, àfi ọkọ, aya àti ẹbí tí ẹ̀sìn gbà láàyè.

Ẹ má ra ojú egbò, kókó, tàbí ibi tó pọ́n ní ìdí àti gìgísẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún, ẹ má fọwọ́ ra á rárá: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan. Ẹ pe dókítà. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ egungun, tàbí tí aláìsàn ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.

A ń rọ ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n yan ènìyàn díẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá ń ra ẹsẹ̀ aláìsàn, ìyàwó rẹ̀ á ráyè kírun, á sì ráyè jẹun. Kí Allah fún àwọn aláìsàn wa ní ìtura, kí Ó má jẹ́ kí ọwọ́ wa pẹ́ dé. Àmín.