Ajẹbọ́tà, Ajẹpákò, Ìkẹjà Kan Náà

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Allen, tó yà wọ Òpópónà Gbẹ́misọ́lá ní Ìkẹjà, yóò bá ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin Fẹlá Aníkúlápó Kútì sí. Kí onítọ̀hún padà sẹ́yìn, kó gba apá Tóyìn lọ, yóò kan àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ Moshood Abíọ́lá, níbi tí Olóyè fúnra rẹ̀ sùn sí nínú ọgbà ilé rẹ̀. Mo máa ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìgbà kan ṣoṣo tí Ìkẹjà máa ń sinmi ariwo. Ọmọ Abẹ́òkúta làwọn méjèèjì. Oṣù Kẹjọ ọdún 1937 ni wọ́n bí Abíọ́lá, oṣù Kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá. Oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú, kò sì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Abíọ́lá tẹ̀ lé e. Ọ̀kan jẹ́ ajẹbọ́tà látinú oyún. Èkejì jẹ́ ajẹpákò.

Ohun tó mú mi rántí wọn lọ́sẹ̀ yìí ni àríyànjiyàn kan tó bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ògbà. Ọmọkùnrin kan ní gbogbo ẹni tí nǹkan ń dùn fún lónìí, owó ilé-ìwé tí bàbá wọn san ni wọ́n ń jẹ. Èkejì kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi já a gbà. "Abíọ́lá ṣẹ́gi tà!" Ló bá tán. Onígbàjámọ̀ gan-an dáwọ́ dúró, ó mi orí. Ní agbègbè wa yìí, láti Orégùn títí dé Agége, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n fi ń pa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, tísà ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta ìwé bí-a-ti-ń-là nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ń sọ ọ́.

Òótọ́ ni pé ó ṣẹ́gi tà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, á jí wọgbó kí ilẹ̀ tó mọ́, á ta igi náà kó tó lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ eléré jọ, wọ́n ń ṣeré níbi ìnáwó kó lè rí nǹkan fi ti ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ní Baptist Boys' High School. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn tó ń pariwo igi kì í dé. Ọmọ kẹtàlélógún ni Abíọ́lá jẹ́ fún bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Orúkọ tí wọ́n fún un sọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà wọ́n tó: Káṣìmáawò. Kí ẹnikẹ́ni má tíì yọ̀, ká ṣì máa wò ó ná.

Méjìlélógún ló ti wá ṣáájú rẹ̀ tí kò dúró. Láyé ìgbà yẹn, àbíkú ni wọ́n á pè wọ́n. Lónìí a mọ̀ pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí ìtọ́jú ló ń mú ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí olórí pípé wà nínú wọn, kí oníṣòwò wà, kí ẹni tó mọ igi ṣẹ́ ju Káṣìmáawò lọ wà. A kò ní mọ̀ láé. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń wọgbó láràárọ̀ tí àwọn yè ńkọ́? Èwo nínú wọn la mọ orúkọ rẹ̀? Ẹnì kan bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́, a sọ ọ́ di ìwàásù. Àwọn tí kò bọ́ kò ní oníwàásù.

Wọ́n tún máa ń sọ pé owó ẹ̀yáwó ni Dangote fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ ẹbí ló ti yá a, ẹbí Alhassan Dantata, ẹni tí wọ́n kà sí olówó jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà tó kú ní 1955. Irú ẹ̀yáwó yẹn, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń yá a.

Ó yá, ilé kejì. Bàbá Fẹlá, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé yẹn kan náà, òun ló sì kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Bàbá bàbá rẹ̀ ti kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù láti àwọn ọdún 1920. Ní 1958, wọ́n fi Fẹlá ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olikoye àti àbúrò rẹ̀ Beko padà ṣe. Ó dé ọ̀hún, ó ní orin lòun fẹ́, ó gba Trinity College of Music lọ. Ẹ rò ó wò. Ta ni nínú àwọn ọmọ aṣẹ́gi tí wọ́n lè rán lọ sí òkè òkun lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, tó máa débẹ̀ yí ọkàn padà, tí ilé kò ní dàrú? Ó padà wálé ní 1963, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba gbà á síṣẹ́, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lu jáàsì, àwọn èèyàn kò yà sí i. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, àpò rẹ̀ gbẹ níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí orin rẹ̀ tó rí ẹsẹ̀ walẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Owó òbí kì í ra ọpọlọ, ẹni tó bá sì ti kọ́ ọmọ olówó ní ìṣirò rí kò ní bá mi jiyàn. Ohun tí owó òbí ń rà ni àyè àtiṣubú. Ọmọ ọlọ́lá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ọmọdé ń ṣe é. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wá ilé-ìwé míì fún un ní ìlú míì. Ọmọ aṣẹ́gi kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ibà bá dá Abíọ́lá dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò kan ṣoṣo, bí owó táàmù kan kò bá pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé akọ̀wé ilé iṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta là bá mọ̀ ọ́n sí, tí a bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà kan á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, orí ni." Mo gbà pé orí ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pa ìtàn orí yẹn dé ìdí bí àwọn babaláwo ṣe ń pa á. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà sílé bàbá, wọ́n kánjú lọ, wọ́n bá ara wọn mú orí tó dán lójú, òjò rọ̀ lé e lórí, ó ṣí dànù. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n rúbọ, wọ́n di owó àti iyọ̀ lé e lọ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tó ń lọ, Àjàlá ti sá gun àjà nítorí olówó gbèsè. Owó ilé ni Afùwàpẹ́ fi san gbèsè ọ̀hún, ni alámọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bá a ṣa orí tí kò ní àbùkù. Orí Afùwàpẹ́ dára lóòótọ́. Ta ló san owó rẹ̀? Lójú tèmi, lẹ́ẹ́sìn aládàáni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn, Ọ̀rúnmìlà ló sì bu ọwọ́ lu ìwé owó.

Mo ti rò ó rí pé nǹkan míì wà tí ilé ńlá ń fún ọmọ: ojú tí kì í bẹ̀rù aláṣẹ. Fẹlá bú ológun. Wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ ní Agege Motor Road ní oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n ju ìyá rẹ̀ látojú fèrèsé, ó tún kọrin. Ó kọ "I.T.T.", ó fi bú Abíọ́lá tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ITT ní Nàìjíríà. Èmi a máa sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ kó wàhálà bá ọba ló lè láyà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ibi igi títà dìde yóò máa wá ojúrere ni, yóò máa gba oyè lọ́tùn-ún lósì, yóò máa bá ológun jẹun. Abíọ́lá sì ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni wọ́n fagi lé ìbò rẹ̀ lẹ́yìn 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, tó ní òun kò gbà, tí wọ́n tì í mọ́lé ní 1994, tó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ló jáde. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi yẹn jẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù kò sí nínú ilé àwọn méjèèjì. Ó wà ní Òpópónà Ọba Akran. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ pé kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkẹjà àti Agége kò sí lábẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso Èkó. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ó kan ọmọ Agége. Ìjọba yẹn kan náà ló la ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ọ̀dà, aṣọ, ọtí, táyà, gbogbo wọn kóra jọ sórí ilẹ̀ kan. Ẹni tó ní ìwé mẹ́fà péré á wọlé, wọ́n á fi í sídìí ẹ̀rọ, yóò máa ṣiṣẹ́ òru, lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò di fọ́mànù. Á ra ilẹ̀ sí Ìjù tàbí Àkúté nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, á rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Mo mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n pọ̀ ní àdúgbò wa, òórùn rọ́bà kì í kúrò lára aṣọ wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ilé-ìwé tí wọ́n lọ. Ọmọ tálákà tó ṣubú nínú ìwé, ilé iṣẹ́ ló máa ń bọ́ sí, kì í ṣe kòtò. Àyè àtiṣubú wà fún òun náà nígbà yẹn.

Ilé iṣẹ́ Dunlop kò ṣe táyà mọ́ ní Ìkẹjà láti 2008. Nigerian Textile Mills náà ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé gbọ̀ngbọ̀nràn tí ẹ̀rọ ti ń ké láti Ọba Akran dé Orégùn, halelúyà ló ń dún níbẹ̀ báyìí. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ń jọ́sìn nínú ọ̀kan.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń dákẹ́ ni òbí ń di mọ́ ilé-ìwé aládàáni. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, ó lé ní 12,000. Ṣé ajẹbọ́tà ni gbogbo wọn? Kò jọ ọ́. Ní GRA Ìkẹjà, Grange School wà níbẹ̀ láti 1958, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ní ẹ̀yìn ọjà ní Agége, yàrá mẹ́rin ni, jẹ́lé-ó-sinmi wà lókè, ìdáná onílé wà nísàlẹ̀, gbogbo ọmọ so táì mọ́rùn nínú ooru. Aládàáni ni orúkọ méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn pe ẹja Èpẹ́ àti sáàdíìnì inú agolo ní ẹja. Ilé àkọ́kọ́ ń ta àyè àtiṣubú, ó ń ta ojúlùmọ̀, ó ń ta ọmọ ta-ni-wọ́n-jọ-jókòó. Ilé kejì ń ta ìrètí àti yunifọ́ọ̀mù.

Jákáńdè ti gbìyànjú láti fòpin sí ìyàtọ̀ yìí. Ó di gómìnà Èkó ní 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó mú ìwé kíkà àárọ̀ àti ọ̀sán kúrò kí gbogbo ọmọ lè máa lọ láàárọ̀, ó kọ́ kíláàsì wéréwéré tí àwọn ẹlẹ́gàn ń pè ní ilé adìẹ. Ó ní ní 1980 kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kásẹ̀ nílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie àti àwọn míì gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì ní ìjọba kò lágbára bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé kóòtù tọ̀nà. Síbẹ̀, àwọn tó jókòó nínú ilé adìẹ yẹn ti ń darí báńkì lónìí, wọn kì í sì í sọ ọ́ níta.

Obìnrin kan ń ta búrẹ́dì Agége nítòsí Pen Cinema, Ìyá Ìbejì là ń pè é. Ọmọ méjèèjì ń lọ sí ilé-ìwé olókùn ọrùn yẹn. Àjọ ló ń dá kí owó táàmù tó pé. Ilé-ìwé ìjọba wà ní òdìkejì gọ́tà, kò gba kọ́bọ̀. Mo bi í léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ibi tí wọ́n gba bàbá mi sí tí wọn ò bi í pé ṣé ó gbọ́ òyìnbó, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn níbẹ̀?"

Mo ní wọn ò gbà mọ́, wọ́n ti tì í pa. Ó mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ kó tó béèrè. Ó yọ búrẹ́dì kan fún mi, ó mú ọ̀bẹ, ó là á sí méjì.

"Ṣé kí n fi bọ́tà sí i?"

Mo ní kó fi sí i.