Owó Ìjọba àti Odò Ògùnpa

Ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún tí ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà ní ọdún 2011, omi tún yalé: ẹ̀mí tí ó bá a lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ, afárá púpọ̀ sì wó.

Nítorí èyí ni Báńkì Àgbáyé ṣe fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún àtúnṣe ìlú náà ní ọdún 2014. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó yíyá ni, kì í ṣe ọrẹ. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án.

Ìjọba Àpapọ̀ pẹ̀lú ní àpò owó tí ó yà sọ́tọ̀ fún irú àjálù yìí. Ẹni tí yóò tọrọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mú omijé nìkan lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí òjò tó dé ni kí ìwé ti wà lọ́wọ́: afárá mélòó ni ó ti gbó, ilé mélòó ni ó wà létí odò, èló ni àtúnṣe yóò gbà. Àwa olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó iṣẹ́ kíkà yìí ṣe.

Ẹ̀yin olóyè, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi etí odò fún ẹni tí ń kọ́lé. Bí a bá yá owó la ojú odò, tí a sì tún fi pàǹtí dí i, gbèsè lásán ni a jẹ.